Ewé nìkan ò tó láti fi mọ ìdílé igi ginkgo

Tẹ́lẹ̀, ara àwọn mọ̀lẹ́bí páìnì ni wọ́n ń ka igi ginkgo mọ́, àfìgbà tí Sakugoro Hirase, onímọ̀ nípa ewéko ní Japan, gé kóró ẹ̀ wò ní Tokyo lọ́dún 1896 tó rí i pé àtọ̀ igi yẹn ń lúwẹ̀ẹ́, irun wẹ́wẹ́ wà lára ẹ̀ tó fi ń wẹ̀ lọ bá ẹyin. Páìnì ò ní irú ẹ̀ rárá, cycad, igi kan tó rí bí ọ̀pẹ, ló ní i. Lọ́dún 1897 Engler, onímọ̀ nípa ewéko ní Jámánì, ya fámílì sọ́tọ̀ fún un, Ginkgoaceae, lóde òní ìpín tiẹ̀ nìkan ló dá wà, Ginkgophyta, ẹyọ ẹ̀yà kan péré ló sì ṣẹ́kù nínú ẹ̀ tó ṣì wà láàyè, Ginkgo biloba ti Ṣáínà.

Láyé àtijọ́ wọn ò dá nìkan wà báyìí o. Ewé irú wọn ti wà nínú òkúta tó lé ní 250 mílíọ̀nù ọdún, ó wà ní Yúróòpù, ó wà ní Amẹ́ríkà, ó dé Ajẹntínà.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ewé ló pọ̀ jù nínú òkúta, torí igi yìí máa ń wọ́wé dànù lọ́dọọdún. Ewé náà rí bí abẹ̀bẹ̀, kò ní iṣan ńlá láàárín, láti ìdí ewé ni iṣan kan á ti là sí méjì, èyí tó là yẹn á tún là, títí á fi dé etí. Ẹni tó bá rí irú iṣan yìí lára òkúta á ní ginkgo nìyẹn, ó parí. Kò tíì parí. Lórí igi kan ṣoṣo tó wà láàyè lónìí, ẹ máa rí ewé tó gé jinlẹ̀ sí ọ̀nà púpọ̀ lára ẹ̀ka tó ń gùn, ẹ ó sì rí èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má gé rárá lára ẹ̀ka kúkúrú.

Kóró ló ń tú àṣírí. Níbi tí wọ́n ti ń wa èédú ní Yima, ní Henan ní Ṣáínà, wọ́n rí òkúta tó ní Ginkgo yimaensis, ginkgo àtijọ́ kan tó wà ní bíi 170 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, kóró kọ̀ọ̀kan ló ní ọ̀pá kékeré tiẹ̀ tó gbé e dúró. Ní Yima yìí kan náà igi mìíràn wà, Yimaia, ewé tiẹ̀ náà gé jinlẹ̀, àmọ́ kóró ẹ̀ dì mọ́ra láìní ọ̀pá, ìyẹn ni wọn ò ṣe pè é ní Ginkgo. Karkenia, igi àtijọ́ kan ní Ajẹntínà, le ju ìyẹn lọ, ewé ẹ̀ jọ ti ginkgo gan-an, kóró ẹ̀ sì lé ní ọgọ́rùn-ún lórí ọ̀pá kan! Nígbà tó fi máa di bíi 120 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, Ginkgo apodes ti Liaoning ní Ṣáínà ti pàdánù àwọn ọ̀pá kéékèèké yẹn. Ti òde òní, kóró méjì ló máa ń bẹ̀rẹ̀ lórí ọ̀pá, ọ̀kan ló sì sábà máa ń gbó.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ewé tí wọ́n bá rí láìsí kóró nítòsí ẹ̀, ọ̀pọ̀ onímọ̀ máa ń pè é ní Ginkgoites, wọn ò ní tíì gbé orúkọ Ginkgo fún un.