Iṣẹ́ ọnà ìbílẹ̀ àwọn Oneida

Oneida jẹ́ ọ̀kan nínú ẹ̀yà mẹ́fà ọmọ ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà tó para pọ̀ di Haudenosaunee, àwọn tí òyìnbó ń pè ní Iroquois. Àárín gbùngbùn ìpínlẹ̀ New York ni ilẹ̀ baba ńlá wọn. Láti àwọn ọdún 1820 ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ṣí lọ sí Wisconsin, àwọn kan sì ra ilẹ̀ sí Ontario ní Kánádà ní 1840. Apẹ̀rẹ̀ híhun, iṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ àti ọmọláńgidi háhá àgbàdo wà lára iṣẹ́ ọwọ́ tí a mọ̀ wọ́n mọ́. Ṣíbí àti fọ́ọ̀kì tó ń jẹ́ Oneida lọ́jà kì í ṣe tiwọn o. Ọ̀dọ̀ àwùjọ ẹlẹ́sìn tí John Humphrey Noyes dá sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ New York ní 1848 ni ilé-iṣẹ́ yẹn ti ṣẹ̀ wá.

Igi áàṣì dúdú, tó ń hù nínú àbàtà, ni wọ́n fi ń hun apẹ̀rẹ̀. Wọ́n á gé igi, wọ́n á bó èèpo rẹ̀, wọ́n á wá máa fi ẹ̀yìn àáké lù ú láti ìdí dé orí. Ìpele tí igi ń fi kún ara rẹ̀ lọ́dọọdún ni lílù yìí ń tú sọ́tọ̀, tí yóò máa ṣí ní pẹlẹbẹ gígùn. Wọ́n á fá a títí yóò fi dán, wọ́n á là á tẹ́ẹ́rẹ́, kí ìhun tó bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ agbára ni, lílù náà sì ń gba àkókò ju ìhun lọ nígbà mìíràn. Ohun tó ń dẹ́rù bà wọ́n báyìí ni kòkòrò kan láti Éṣíà, tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní Amẹ́ríkà, ní ìpínlẹ̀ Míṣígàn, ní 2002: ìdin rẹ̀ ń jẹ abẹ́ èèpo igi náà títí igi yóò fi kú.

Kí ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì tó ti ọwọ́ àwọn oníṣòwò Yúróòpù dé, ẹ̀gún òòrẹ̀, egungun àti ìkarahun ni wọ́n fi ń ṣe aṣọ lọ́ṣọ̀ọ́. Nínú ìkarahun inú òkun Àtìláńtíìkì ni wọ́n ti ń gbẹ́ wámpọ́ọ̀mù, ìlẹ̀kẹ̀ funfun àti aláwọ̀ àlùkò, tí wọ́n ń hun di ìgbànú láti fi pa àdéhùn mọ́. Nígbà tí gíláàsì dé, àwọn obìnrin Haudenosaunee bẹ̀rẹ̀ sí í sin ìlẹ̀kẹ̀ tó pọ̀ ju àyè tí wọ́n fẹ́ rán an sí, kí ó lè wú sókè lórí aṣọ. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn arìnrìn-àjò ń ra irú iṣẹ́ yìí gan-an, pàápàá tìmùtìmù kékeré tí à ń gún abẹ́rẹ́ mọ́.

Ọmọláńgidi háhá àgbàdo kì í ní ojú. Ìtàn wọn sọ pé ó lẹ́wà nígbà kan, ṣùgbọ́n ó rí òjìji ara rẹ̀ nínú omi, ìgbéraga sì wọ̀ ọ́. Ni Ẹlẹ́dàá bá gba ojú náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Fìlà oníyẹ̀ẹ́ àwọn ọkùnrin ni a fi ń mọ ẹ̀yà tí ẹni tó dé e ti wá: ti Oneida ní ìyẹ́ idì méjì tó dúró ṣánṣán àti ẹyọ kan tó wálẹ̀. Ìbòjú igi tí wọ́n fi ń ṣe ìwòsàn kò wà fún títà. Ìgbìmọ̀ àgbà Haudenosaunee tẹ́nu mọ́ èyí ní 1995, wọ́n ní kí wọ́n má ṣe pàtẹ rẹ̀ fún ìwòran pẹ̀lú.

Ti léèsì, iṣẹ́ òwú olójú wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń fi ọwọ́ ṣe, ṣe ọ̀tọ̀. Sybil Carter, míṣọ́nnárì ìjọ Episcopal, ló mú un dé ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin Oneida ní Wisconsin ní ìparí àwọn ọdún 1890. Wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa, owó sì wọlé fún wọn, títí ẹgbẹ́ tó ń bá wọn tà á fi tú ká ní 1926.