Wọ́n ya adìyẹ sára mágí, wọ́n tún kọ halal sí i: ṣé ẹni tó ní alpha-gal wá lè jẹ ẹ́?

Nínú àwa Okun, ẹni tó bá ní èèyàn ní Missouri tàbí Virginia lè ti gbọ́ nípa àìsàn alpha-gal. Eégbọn ló ń fà á, lone star tick ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún, tó bá ti gé èèyàn jẹ, ara ẹlòmíì ò ní gba ẹran mọ́, kì í sì í ṣe ti màlúù nìkan o, ewúrẹ́, àgùntàn, ẹlẹ́dẹ̀, títí dórí ọ̀yà táa fẹ́ràn yìí, gbogbo ẹran tó ń fọ́mọ lọ́mú ṣáá. Adìyẹ àtẹja ò sí nínú ẹ̀.

Bírú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wá sọdún ní Kabba tàbí Mopa, àwọn ará ilé á pa adìyẹ fún un, wọ́n á wá ju mágí sọ́bẹ̀. Tẹ́ẹ bá bi wọ́n, wọ́n á ní adìyẹ ni wọ́n yà sára ẹ̀, ó sì tún jẹ́ halal, kí ló tún kù?

Ó kù o. Ohun tí halal ń sọ ni pé kò sí ẹlẹ́dẹ̀ ńbẹ̀, wọ́n sì pa ẹran ẹ̀ bẹ́sìn ṣe là á kalẹ̀. Màlúù tí wọ́n pa bẹ́ẹ̀, màlúù náà ni. Jẹlátíìnì inú súìtì tó ń fà àti yógọ́ọ̀tì míì, tó bá jẹ́ ti halal, awọ àti egungun màlúù ni wọ́n sábà máa ń sè fi ṣe é, ká kúkú sọ pé pọ̀nmọ́ ló jẹ. Adìyẹ tí wọ́n yà yẹn náà, adùn ẹ̀ ni wọ́n ń sọ, ọ̀rá màlúù lè wà nínú ẹ̀, tallow tàbí beef fat ni wọ́n máa kọ. Natural flavour, ìyẹn adùn tí wọ́n fi sí i, ò sọ ibi tí wọ́n ti rí i. E471, tí wọ́n fi ń po ọ̀rá mọ́ omi, lè jẹ́ ti ewéko, ó lè jẹ́ tẹran.

Àwọn míì á wo ìlà Contains nìkan, ibi tí wọ́n ti ń dárúkọ nǹkan tó lè bá ara èèyàn jà. L'Amẹ́ríkà, nǹkan 9 lòfin ní kí wọ́n dárúkọ, wàrà wà ńbẹ̀ (òun náà ń da àwọn kan láàmú), ẹran màlúù ò sí.

Èyí tó le jù ni pé ẹyọ ẹyọ là ń ra mágí lọ́jà wa, bébà kékeré ara ẹ̀, orúkọ nìkan ló gbà. Ẹ ní kí ìyá ọlọ́jà gbé páálí ẹ̀ wá kẹ́ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀, á máa wò yín bíi pé NAFDAC ló rán yín, ẹ jẹ́ kó máa wò. Tó bá ti ju páálí nù, irú wà, edé wà jàre.

Ohun tí ò jẹ́ kí wọ́n fura sí mágí ni pé kì í jà lójú ẹsẹ̀, wákàtí 2 sí 6 ló máa ń gbà. Èèyàn jẹun láago mẹ́jọ alẹ́, ara ń yún un láago kan òru, ètè wú, inú ń lọ́ ọ, wọ́n á ní wọ́n fún un lóńjẹ lójú orun. Ojú orun kẹ̀, ọbẹ̀ alẹ́ ni. Tí èémí bá ti ń há, ọsibítù ni o, kódà bó bá jẹ́ òru, kó sì sọ fún dókítà pé òun ní alpha-gal kí wọ́n tó kọ oògùn, torí jẹlátíìnì lara kápúsù púpọ̀.