Igi Irú, Àdán, àti Èso Tó Ní Bàbá Kan Ṣoṣo

Àṣìṣe kan wọ́pọ̀ láàárín àwọn tó ń gbin igi irú: wọ́n á rí igi kan tó so jìngbìnnì, wọ́n á ṣa èso rẹ̀ kún àpò, wọ́n á sì gbà pé onírúurú irúgbìn làwọn kó yẹn. Rárá o. Ọ̀tọ̀ ni iye èso, ọ̀tọ̀ ni iye bàbá tó bí i, ìyẹn igi tí lẹ́búlẹ́bú òdòdó ti wá.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni igi irú máa ń yọ òdòdó pupa róbótó tó ń rọ̀ dirodiro. Òdòdó wẹ́wẹ́ inú ẹyọ kan lè tó 2,000. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń là, alẹ́ ọjọ́ kan ni wọ́n sì ń lò. Àdán á rọ̀ mọ́ ọn, á máa lá omi dídùn tó kójọ sí ìdí rẹ̀, lẹ́búlẹ́bú òdòdó á lẹ̀ mọ́ irun àyà àti ojú rẹ̀, á sì gbé e fò lọ sórí igi mìíràn.

Ibi tó yani lẹ́nu jù nìyí. Lẹ́búlẹ́bú igi irú kì í fọ́n ká bíi ti àgbàdo. Ńṣe ló ń so pọ̀ ní ìdì kéékèèké, ìdì kan sì tó láti mú gbogbo hóró inú èso kan yọ. Ní 2014, àwọn onímọ̀ tó yẹ àbùdá igi yìí wò rí i pé bàbá kan ṣoṣo ló bí gbogbo hóró inú èso kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ìyá, ọmọ bàbá kan náà ni wọ́n. Èso méjì lórí igi kan ló lè jẹ́ iyèkan lásán.

Ọgbọ́n ńlá ni: ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí àdán bá fara kan òdòdó, èso lè kún. Àmọ́ tó bá ku igi mẹ́ta péré sáàárín oko, láàárín ara wọn nìkan ni wọ́n á ti máa bímọ, àfi bí lẹ́búlẹ́bú bá ti òkèèrè wá. Oyin ń gbìyànjú, ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́ lórí igi kan náà, igi irú kì í sì í sábà gba lẹ́búlẹ́bú ara rẹ̀. Àdán ńlá, irú èyí tó kún inú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀, lè fò ju kìlómítà 30 lọ lóru kan. Níbi tí wọ́n bá ti yìnbọn pa wọ́n tán nítorí ẹran, igi tó dá wà kò ní rí bàbá tuntun mọ́.

Kí ohun tó ń gbé lẹ́búlẹ́bú pọ̀ nìkan náà kò tó; ẹ wo ọ̀pẹ. Ọ̀dọ̀ igi ọ̀pẹ mẹ́rin tí wọ́n gbìn sí Bogor, ní Indonesia, ní 1848, ni ìlà ìyá ọ̀pẹ Malaysia ti ṣẹ̀. Ní 1981 ni wọ́n kó Elaeidobius kamerunicus, kòkòrò tó ń gbé lẹ́búlẹ́bú ọ̀pẹ, wá sí Malaysia láti Cameroon. Èso gbèrú, kò sí pé à ń fọwọ́ gbọn lẹ́búlẹ́bú sórí òdòdó mọ́. Síbẹ̀, àbùdá àwọn ọ̀pẹ náà kò gbòòrò sí i: ohun tó wà nílẹ̀ ni kòkòrò lè pò pọ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ kó irúgbìn irú jọ, kó kó o lórí igi 30 ó kéré tán, kí àwọn igi náà jìnnà síra tó mítà 100, torí ẹbí ni igi tó sún mọ́ra sábà máa ń jẹ́. Kó ká èso mélòó kan láti ẹ̀ka ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kó ka iye hóró kan náà láti ara igi kọ̀ọ̀kan, kó tó pò wọ́n pọ̀.