Kí Wọ́n Tó Ṣe Wáyà Gìtá, Ọṣán Ti Wà: Ìtàn Bí Yíyan Okùn Gìtá Oníná Ṣe Bẹ̀rẹ̀

Lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ọmọkùnrin kan tó ń kọ́ gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa l'Ókèsà n'Iléṣà níbí wá bá mi nílé, ó ní, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, wáyà wo ni kí n rà, ṣé náìnì ni àbí tẹ́ẹ̀nì?" Nọ́ńbà yẹn ló ń sọ bí wáyà ìkíní ṣe nípọn tó. Mo ní kó jókòó ná. Ìbéèrè kékeré kọ́ nìyẹn, ìtàn wà nídìí ẹ̀, ìtàn náà sì gùn ju bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ lọ. Ohun tí ẹ máa gbọ́ lẹ́nu àwọn onígìtá ni pé ọkùnrin kan ní California, Ernie Ball, ló kọ́ aráyé bí wọ́n ṣe ń yan wáyà gìtá oníná ní 1962, ọ̀rọ̀ parí. Èmi ò gbà pé ó parí. Ọkùnrin yẹn ta wáyà, ó sì tà á dáadáa, ṣùgbọ́n ohun tó ń wá nínú wáyà yẹn, etí àwa Yorùbá ti ń wá a kí wọ́n tó bí baba ńlá ẹ̀, àwa Ìjẹ̀ṣà sì ní ipa tiwa níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í dárúkọ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ọ̀rọ̀. Kí wáyà tó dé, ọṣán làwọn baba wa mọ̀. Ọṣán ni okùn ara ọrun tí ọdẹ fi ń ta ọfà, òun ni wọ́n ń sọ nígbà tí wọ́n ní ọṣán já, ọrun dọ̀pá, torí ọrun tí ò bá ti ní ọṣán, igi lásán ni. Ọṣán yìí náà tún ni orúkọ àwọn awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tó so ojú dùndún méjèèjì pọ̀, èyí tí onílù ń fún mọ́ra kí ohùn ìlù lè gòkè. Ẹ ò rí i? Èyí tó ń pa ẹran àti èyí tó ń mú ìlù sọ̀rọ̀, orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́. Èmi ò gbà pé èèṣì ni. Tèmi ni pé ọdẹ kan, láyé ọjọ́un tí ò sẹ́ni tó lè kà á, ti jókòó sídìí igi nínú igbó wa níbí, bóyá ó ń retí ẹran, bóyá òjò ló ń rọ̀, ó wá ń fi ìka ta ọṣán ọrun ẹ̀ láti fi pa àìríṣe, ó gbọ́ pé ó ń dún, ó fà á le, ó gbọ́ pé ohùn ẹ̀ gòkè, ó wá rántí pé ọrun àbúrò òun tí ọṣán ẹ̀ tín-ínrín ju èyí lọ, ohùn tiẹ̀ máa ń ta létí ju èyí lọ. Ọjọ́ tí ọdẹ yẹn pààrọ̀ ọṣán nítorí etí, tí kì í ṣe nítorí ẹran, ọjọ́ yẹn ni yíyan okùn bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ìwé mélòó ni wọ́n kọ nípa ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú igbó?

Àwa tá a ń sọ èdè yìí náà la sì tún nídìí láti fi etí yan nǹkan ju ẹlòmíì lọ. Igba kì í ṣe igbá, igbá kì í ṣe ìgbà, ohùn nìkan ló là wọ́n. Nígbà tí onígángan bá há ìlù mọ́ abíyá tó fún ọṣán díẹ̀díẹ̀, ohùn á gùn láti ìsàlẹ̀ lọ sókè láìjá, gẹ́gẹ́ bí ẹnu ṣe ń ṣe é. Ẹ wá wo onígìtá tó fi ìka ti wáyà lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní bẹ́ńdì. Iṣẹ́ kan náà ni! Apá ló ń ṣe é fún ẹnì kan, ìka ló ń ṣe é fún ẹnì kejì. Bẹ́ńdì yìí sì ni gbogbo ìdí tí ayé fi sá kúrò nídìí wáyà tó nípọn lọ sí èyí tó fúyẹ́, mo máa débẹ̀. Àwọn kan á ní tó bá jẹ́ ti okùn, kí n lọ bẹ̀rẹ̀ látorí gòjé àwọn onísákárà. Òkè Ọya ni gòjé ti wá, irun ìrù ẹṣin ni okùn ẹ̀, ẹyọ kan ló sì sábà máa ń ní, kí lèèyàn fẹ́ yàn níbẹ̀.

Ní tàwọn òyìnbó, ìfun ẹran ni wọ́n fi ṣe okùn gìtá fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún, ìfun àgùntàn jù lọ, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á lọ́ ọ, wọ́n á sá a. Ìdílé D'Addario tí orúkọ wọn wà lára páálí wáyà tí gbogbo wa ń rà lónìí, iṣẹ́ ìfun yìí ni wọ́n ń ṣe ní ìlú Salle ní Ítálì kí wọ́n tó kó lọ sí New York ní 1905. Àlùfáà ará Faransé kan, Marin Mersenne, ló gbé ìṣirò ẹ̀ jáde ní 1636: okùn tó gùn, ohùn ẹ̀ á wálẹ̀, èyí tó wúwo, ohùn ẹ̀ á wálẹ̀, èyí tí wọ́n bá fà le, ohùn ẹ̀ á gòkè. Onílù wa kankan ò nílò àlùfáà láti mọ ìyẹn. Ohun tí mo máa gbóríyìn fún wọn fún ni ọgbọ́n tí wọ́n dá ní nǹkan bí 1660, pé kí wọ́n wé wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ okùn ìfun lára, kó lè wúwo láì di gbàgìdì. Wáyà mẹ́ta ìsàlẹ̀ lára gìtá yín, ọgbọ́n yẹn ló wà lára wọn dòní.

Báwo wá ni gìtá ṣe dé ọ̀dọ̀ wa? Ará Èkó á sọ fún yín pé àwọn Kúrù, ẹ̀yà kan láti Làìbéríà tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi, ló gbé e wá sí etíkun, pé ní ìdí ẹmu ló ti wọ orin wa lára. Mi ò jiyàn, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n etíkun nìyẹn, ta ló gbé e wọ oko? Rélùwéè dé Òṣogbo ní 1907, kò yà sí Iléṣà. Àwọn tó lọ ń pàdé ọjà lọ́hùn-ún tí wọ́n ń kó o wọ inú abúlé ni àwọn baba wa Òṣómàáló. Ẹni tí ò bá mọ̀ wọ́n, oníṣòwò aṣọ ni wọ́n, wọ́n á tà á láwìn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, tí ọjọ́ owó bá pé, wọ́n á wá lóṣòó síwájú ilé onígbèsè: "Òṣòó ni màá ló títí màá fi gbowó mi." Kò ní jókòó, kò ní dìde, kò ní gba oúnjẹ. Ibẹ̀ lorúkọ ti jáde, àwọn kan fi ń bú wa, ṣùgbọ́n owó yẹn ló kọ́ ilé púpọ̀ nílùú yìí, ó sì rán ọmọ lọ síléèwé.

Òṣómàáló tí ọwọ́ ẹ̀ bá ti tó nǹkan, kẹ̀kẹ́ ló ń gùn. Kẹ̀kẹ́ ní bíréèkì, bíréèkì ní wáyà, ẹ bá sì tú wáyà bíréèkì palẹ̀, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n lọ́ pọ̀ lẹ máa bá níbẹ̀. Bàbá àgbà kan n'Ísọ̀kùn sọ fún mi, kó tó papò dà, pé nígbà tóun wà lọ́mọdé, tí okùn gìtá bá já, kò síbi tí wọ́n ti ń tà á, inú wáyà bíréèkì ni wọ́n ti ń yọ òmíràn, pé ẹni tó mọ̀ ọ́n yàn á kó irin bíi mẹ́fà sílẹ̀, á máa ta wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan sétí, èyí tí ò bá dún dáadáa á sọ ọ́ nù. Wọ́n ti ṣe é láwọn ibòmíì ní Áfíríkà náà, mo mọ̀, àwọn Tuareg inú aṣálẹ̀ Sàhárà ṣe é. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá bi mí, ẹni tó ní kẹ̀kẹ́ jù nínú igbó ilẹ̀ Yorùbá nígbà yẹn ló ní wáyà jù, ẹni yẹn náà ló láyè àtiyan. Ìjẹ̀ṣà ò rídìí ìṣáná, ilé lọmọ Ọwá ti í múná roko. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gbà pé wáyà náà rí.

Àwọn ará Èkó á tún dárúkọ Ayinde Bakare, olórin jùjú tó so maikirofóònù mọ́ gìtá ẹ̀ ní 1949. Ó ṣe é, a kí i. Ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí I.K. Dairo wa, olórin jùjú lòun náà. Ọ̀fà ni wọ́n bí i sí ní 1930, ṣùgbọ́n ọmọ Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ni, ìlú tí kò jìnnà sí wa rárá, bàbá ẹ̀ tó jẹ́ káfíńtà ló kọ́kọ́ gbẹ́ ìlù fún un. Ó dá ẹgbẹ́ Morning Star sílẹ̀ ní 1957, òun ló di Blue Spots, nígbà tó di 1963 ọba obìnrin Gẹ̀ẹ́sì fi oyè MBE dá a lọ́lá. Kọ́díọ̀nù làwọn èèyàn fi ń rántí ẹ̀, gìtá inú rẹ́kọ́dù wọ̀nyẹn ni kí ẹ tẹ́tí sí. Kì í pariwo. Gángan á sọ ọ̀rọ̀ kan, gìtá á dá a lóhùn, ẹ á gbọ́ pé ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.

Gìtá oníná fúnra ẹ̀, Amẹ́ríkà ni, George Beauchamp àti Adolph Rickenbacker ló gbé e jáde, ọjà dé ní 1932. Òòfà ló wà nínú ẹ̀, wọ́n wé wáyà bàbà tín-ínrín yí i ká, okùn irin tó ń gbọ̀n lórí òòfà yẹn ló ń sọ ohùn di iná. Ìdí nìyẹn tí okùn ìfun ò fi wúlò lórí ẹ̀ mọ́, nílọ́nù náà ò wúlò, òòfà ò mọ̀ wọ́n. Mo jìyà ẹ̀ rí. Mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, mo tọ́jú owó ọkọ̀ fún oṣù méjì, olùtajà kan tà mí ní okùn nílọ́nù, ó ní ìkan náà ni gbogbo ẹ̀. Mo so ó, mo tan ẹ̀rọ, mo ta á, kò dún. Mo tún un so lẹ́ẹ̀mẹta, mo rò pé gìtá ẹni ẹlẹ́ni tí mo yá ni mo ti bà jẹ́, mo sunkún lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ó wá ku ti Ernie Ball. Wáyà tí wọ́n ń tà nígbà yẹn nípọn, nọ́ńbà 12 tàbí 13 ni ìkíní, ìkẹta sì ní wáyà wíwé lára, ẹni tó bá fẹ́ bẹ́ńdì ẹ̀, ìka á bó. Àwọn onígìtá Amẹ́ríkà bíi James Burton ti ń fi okùn bánjò rọ́pò kí Ernie tó dé rárá. Ernie ní kí Fender, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe gìtá, bá òun ṣe èyí tó fúyẹ́, wọ́n kọ̀, ó lọ ṣe tiẹ̀, 10 sí 46, ìkẹta ẹ̀ ò ní wíwé, 17 ni. Lẹ́yìn ìyẹn nickel, irin tí wọ́n fi ń wé wáyà, di ọ̀wọ́n, wọ́n wá ń fi nickel kun irin lásán, ní 1997 ilé iṣẹ́ Elixir gbé èyí tí wọ́n fi ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò jáde kó má tètè dípẹtà. Ó tán.

Mo ṣàlàyé fún ọmọ yẹn pé náìnì túmọ̀ sí pé ìkíní nípọn tó ìdá mẹ́sàn-án nínú ẹgbẹ̀rún íńṣì kan, pé tí wáyà bá nípọn ní ìlọ́po méjì fífà ẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́rin, ìyẹn ni tẹ́ẹ̀nì fi le ju náìnì lọ tó bí ìdá kan nínú mẹ́rin bó tilẹ̀ dà bíi pé kò sí ìyàtọ̀. Mo bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe. Tó bá jẹ́ pé kọ́ọ̀dù ló fẹ́ máa gbá kíkankíkan, kó mú tẹ́ẹ̀nì, ọwọ́ ẹ̀ ò ní gbé ohùn ṣìnà. Ó ní òun fẹ́ kó máa sọ̀rọ̀. Mo ní kó mú náìnì nìyẹn, torí gìtá ẹ̀, láti ọrùn dé ìdí ibi tí okùn ti ń dún, íńṣì 25 àbọ̀ ni, fífà ẹ̀ le díẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọjà Àtákúnmọ̀sà ló ti lọ rà á. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, nígbà ìyìn, onígángan lu ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ó dákẹ́, ọmọ yìí ti wáyà kẹta sókè díẹ̀díẹ̀ títí tó fi bá ohùn ẹ̀ mu, onígángan yẹn yí ọrùn padà wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó sì tún un lù.