Ilé Adìyẹ Ẹ̀yìnkùlé: Atẹ́gùn Lókè, Ilẹ̀ Gbígbẹ Nísàlẹ̀

Òwe ní adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Ní ti òótọ́, adìyẹ kì í làágùn rárá, bẹ́ẹ̀ ara rẹ̀ gbóná ju ti èèyàn lọ. Bí ooru bá mú un, ó ku kó la ẹnu máa mí hẹlẹhẹlẹ, kó sì na apá kúrò lára. Ọ̀pọ̀ ló ń bẹ̀rù òtútù, tí wọ́n ń fi páànù àti pákó dí gbogbo ẹ̀gbẹ́ ilé adìyẹ pa. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ooru oṣù Èrèlé àti Ẹrẹ́nà ló yẹ ká bẹ̀rù.

Ká ní adìyẹ mẹ́wàá tó ń yé ẹyin la fẹ́ sìn. Ilé tó gùn ní mítà 2, tó sì fẹ̀ ní mítà 1.5, á gbà wọ́n láìfún ara wọn mọ́lẹ̀. Kí gígùn rẹ̀ lọ láti ìlà oòrùn sí ìwọ̀ oòrùn, kí ògiri kékeré ìpẹ̀kun méjèèjì lè máa gba oòrùn àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ sára. Ògiri ẹ̀gbẹ́ gígùn kò gbọdọ̀ ju orúnkún lọ púpọ̀. Láti ibẹ̀ dé òrùlé, wáyà nẹ́ẹ̀tì ni. Kí páànù yọ síta dáadáa nítorí òjò.

Ilẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà. Adìyẹ kì í tọ̀ lọ́tọ̀. Ohun tí ì bá jẹ́ ìtọ̀ ni funfun tó máa ń wà lórí ìgbẹ́ rẹ̀. Bí ibi tí ìgbẹ́ náà bọ́ sí bá tutù, àwọn kòkòrò àìfojúrí á sọ funfun yẹn di gáàsì amóníà, òórùn tó máa ń ta èèyàn nímú. Ìsàlẹ̀ ló ti ń jáde, ìsàlẹ̀ náà sì ni imú adìyẹ wà. Ẹni tó dúró gbagidi lè má gbóòórùn kankan. Kó lóṣòó, kó mí sínú níbi tí orí adìyẹ mọ. Bí ojú bá ta á, adìyẹ ti ń jìyà níbẹ̀ tọ̀sán tòru. Ilẹ̀ tútù yìí kan náà ni kòkòrò tó ń mú òròmọdìyẹ ya ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ ti ń gbèrú.

Ìdí nìyẹn tí a fi ń da ìyẹ̀ igi sílẹ̀, kó nípọn tó sẹ̀ntímítà 8 sí 10. Ó ń fa omi ìgbẹ́ mu, adìyẹ ń fẹsẹ̀ tú u, atẹ́gùn tó ń gba inú wáyà kọjá ń gbẹ ẹ́. Bí a bá dí ẹ̀gbẹ́ pa, ìyẹ̀ igi kò lè dá iṣẹ́ yìí ṣe. Èyí tí kápẹ́ńtà fá lára pákó dára ju èyí tó kúnná, torí eruku. Láti mọ̀ bóyá ó ṣì dára, a ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan, a ó fún un, a ó sì lawọ́. Bí ó bá tú ká, kò séwu. Bí ó bá dì bí ẹ̀bà, ká kó ibẹ̀ dànù, ká da tuntun sí i. Ìdí ìkòkò omi ló sábà máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́. Bí a bá gbé ẹnu omi náà ga dé ibi tí ẹ̀yìn adìyẹ mọ, wọn kò ní máa dà á nù.

Igi tí wọn yóò wọ̀ sí lálẹ́ gbọ́dọ̀ ga ju ìtẹ́ lọ, nítorí ibi tó ga jù ni adìyẹ ń wá. Bí ìtẹ́ bá ga jù ú, inú ìtẹ́ ni wọn yóò sùn, ìgbẹ́ á sì kun ẹyin. Ìtẹ́ méjì tàbí mẹ́ta tó ṣókùnkùn díẹ̀ tó fún mẹ́wàá.

Wáyà olójú ńlá lè dá àwòdì dúró, ṣùgbọ́n eku àti ejò á gbà á kọjá. Olójú kékeré ni ká rà. Ìjàlọ tún burú ju ìyẹn lọ, torí òru ni wọ́n ń yọ sí adìyẹ tó ti wọ̀. Bí ilé náà bá jẹ́ onípákó tó ní ẹsẹ̀, ká ki ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan bọ inú agolo tí a bu ọ́ìlì mọ́tò àlòkù sí.

Ilé dáadáa kò dá lúkúlúkú, àrùn tó ń pa adìyẹ, dúró; àjẹsára ló ń ṣe ìyẹn. Bí èyí tí a ń pò mọ́ omi mímu bá ni, ká má lo omi ẹ̀rọ tí wọ́n ti fi kẹ́míkà pa kòkòrò inú rẹ̀, torí yóò pa àjẹsára náà. Omi kànga tó mọ́ ni ká lò, lẹ́yìn tí a bá ti gbé omi kúrò níwájú wọn fún bíi wákàtí méjì kí òǹgbẹ lè gbẹ wọ́n.