BOD: Bí A Ṣe Ń Wọn Ebi Ọ́síjìn Nínú Omi

Ọmọ tó bá wọ yunifásítì láti kọ́ nípa omi àti àwọn ohun ẹlẹ́mìí inú rẹ̀, ì báà ṣe ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nípa ẹja ní FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ti ìjọba àpapọ̀ ní Àkúrẹ́, kò ní pẹ́ kó tó pàdé lẹ́tà mẹ́ta kan: BOD, ìyẹn Biochemical Oxygen Demand lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló há a sórí pé "ìwọ̀n ìdọ̀tí inú omi" ni. Ìtumọ̀ yẹn ló ń ṣì wọ́n lọ́nà. BOD kì í wọn ìdọ̀tí. Ọ́síjìn tí àwọn kòkòrò àìfojúrí ń lò bí wọ́n ṣe ń jẹ ìdọ̀tí náà ló ń wọ̀n. Bí kòkòrò kò bá rí i jẹ, BOD á kéré, kódà bí omi náà lè pa ẹran.

Ẹ jẹ́ ká ti orí ọ́síjìn bẹ̀rẹ̀. Lítà afẹ́fẹ́ kan ní nǹkan bíi mílígíráàmù 270 ọ́síjìn nínú. Lítà omi kan, bó ti wù kó mọ́ tó, nǹkan bíi 9 péré ló lè gbà bí ìgbóná rẹ̀ bá jẹ́ 20 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bó bá gbóná dé 30, ó di 7.6. Bẹ́ẹ̀, ìgbóná yẹn kan náà ló ń mú kí ẹja àti kòkòrò máa mí kíákíá sí i: owó ń dín, ìnáwó ń pọ̀. Odò ilẹ̀ wa kò ní ọ́síjìn púpọ̀ nípamọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Odò Ala gba àárín Àkúrẹ́ kọjá, ó sì ń ṣàn lọ bá odò Ọ̀gbẹ̀sẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ àti ìgbẹ́ màlúù láti odò ẹran, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń pa ẹran, tàbí omi tí wọ́n fún lára ẹ̀gẹ́ nílé gààrí, bá wọnú irú odò bẹ́ẹ̀, oúnjẹ dé fún kòkòrò àìfojúrí nìyẹn. Wọ́n á máa bí sí i, wọ́n á máa jẹ, wọ́n á sì máa fa ọ́síjìn. Àmọ́ ojú ibi tí ìdọ̀tí ti wọlé kọ́ ni ọ́síjìn ti máa ń kéré jù. Ìsàlẹ̀ odò ni, lẹ́yìn tí omi ti rìn fún wákàtí tàbí ọjọ́ mélòó kan, torí oúnjẹ kì í tán lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn onímọ̀ méjì, Streeter àti Phelps, ló ṣe ìṣirò rẹ̀ jáde ní 1925 lórí odò Ohio ní Amẹ́ríkà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá bu omi lẹ́nu gọ́tà nìkan, tó ní ọ́síjìn ṣì wà, ibi tí wàhálà wà kọ́ ló lọ.

Kí a lè mọ bí ebi náà yóò ṣe tó, a máa ń gbé e wá sínú ìgò. A ó wọn ọ́síjìn inú omi, a ó dé ìgò náà pa, a ó gbé e sínú òkùnkùn fún ọjọ́ 5 ní ìgbóná 20, a ó sì tún un wọ̀n. Ohun tó dín ni BOD. Ó gbọ́dọ̀ ṣókùnkùn, torí ewéko tín-ín-tìn-tín inú omi a máa ṣe ọ́síjìn bí ìmọ́lẹ̀ bá kàn án. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ìlànà yìí ti wá. Ìgbìmọ̀ ọba tó ń rí sí omi ìdọ̀tí níbẹ̀ ló sọ ní 1912 pé omi tí wọ́n ti tọ́jú kò gbọ́dọ̀ ní BOD ju mílígíráàmù 20 nínú lítà kan lọ kó tó wọ odò. Ìgbóná 20 sún mọ́ ti odò tiwọn nígbà ooru. Tiwa gbóná jù bẹ́ẹ̀, nítorí náà iṣẹ́ ọjọ́ 5 nínú ìgò lè parí láàárín ọjọ́ mẹ́ta àti ààbọ̀ nínú odò.

Omi odò ẹran kò ṣeé dà sínú ìgò bẹ́ẹ̀. Ebi rẹ̀ lè lé ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún, ọ́síjìn tó wà nínú ìgò kò sì ju nǹkan bíi 8 lọ. Kí ilẹ̀ tó mọ́ yóò ti tán, a kò sì ní mọ iye tí ì bá jẹ. Ìdí nìyẹn tí a fi ń bu omi mímọ́ là á. Ká ní a da 15 mL omi ìdọ̀tí sínú ìgò 300 mL, tí a fi omi mímọ́ tí a fi ń là á kún un. Ọ́síjìn jẹ́ 8.2 lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó di 4.0 lọ́jọ́ karùn-ún. Ó dín 4.2. 300 pín sí 15 jẹ́ 20, 4.2 lọ́nà 20 jẹ́ 84. BOD omi náà ni mílígíráàmù 84 nínú lítà kan. Èsì tí a lè gbà gbọ́ gbọ́dọ̀ dín tó 2, kó sì ṣẹ́ ku 1 ó kéré tán. Ẹ ṣe ìgò mẹ́ta tí bí ẹ ṣe la omi inú wọn yàtọ̀ síra, torí ẹ kò lè mọ èyí tí yóò bọ́ sáàárín. Ẹ má fi omi ẹ̀rọ tó ní kulorí-ìnì (chlorine) là á: yóò pa àwọn kòkòrò tí ẹ fẹ́ kó jẹun.

Fún wíwọn ọ́síjìn náà, ọ̀nà Winkler, onímọ̀ kẹ́mísìrì ará Hungary, láti 1888 ṣì ni wọ́n fi ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tó rò pé bàọ́lọ́jì nìkan tó fún ẹ̀kọ́ yìí, kẹ́mísìrì ń dúró dè é níbí. Ẹ kún ìgò dé ẹnu, kí atẹ́gùn kankan má há sábẹ́ ìdérí. Ẹ ki ẹnu pípẹ́ẹ̀tì bọ abẹ́ omi, ẹ da 1 mL manganese sulphate sí i, lẹ́yìn náà 1 mL alkali-iodide-azide. Ẹ dé e, ẹ máa yí i dojúdé léraléra. Bí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ bá ní àwọ̀ ilẹ̀, ọ́síjìn wà. Bó bá funfun bí ẹ̀kọ, kò sí rárá. Bó bá ti silẹ̀, ẹ da 1 mL sulphuric acid tó le sí i, ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Omi náà á pọ́n bí oyin. Ẹ wọn 200 mL nínú rẹ̀, kí ẹ máa kán sodium thiosulphate 0.025 M sí i láti inú búrẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí àwọ̀ rẹ̀ bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣá tán, ẹ fi sítáàṣì sí i, yóò dúdú bí aró. Ẹ tún máa kán an títí aró náà yóò fi lọ. mL kọ̀ọ̀kan tí ẹ lò jẹ́ mílígíráàmù ọ́síjìn kan nínú lítà omi.

Kí ló ń ba èsì jẹ́? Omi tó jókòó nínú oòrùn lẹ́yìn ọkọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ọ́síjìn rẹ̀ kó tó dé láàbù. Kúlà tó ní yìnyín ló yẹ ẹ́, kí iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ kí wákàtí 6 tó pé. Bí iná bá lọ, tí inú incubator, àpótí tó ń pa ìgbóná ìgò mọ́ ní 20, gbóná dé 30, jíjẹun inú ìgò á yára tó ìlọ́po kan àti ààbọ̀, BOD tí ẹ ó kọ sílẹ̀ á sì ju bó ti yẹ lọ.

Èyí tó léwu jù ni èsì tó kéré lọ́nà ẹ̀tàn. Ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, àwọn àgbẹ̀ kòkó ń fín oògùn tó ní kópà nínú sára èso nítorí àrùn tó ń sọ ọ́ di dúdú. Bí kópà bá wọ omi tí ẹ bù, ó lè pa àwọn kòkòrò inú ìgò, ọ́síjìn á dúró síbẹ̀, BOD á kéré, ẹni tí kò mọ̀ á kọ ọ́ pé odò mọ́. Ẹ tún omi náà là sí i. Bí BOD tí ẹ ṣírò bá ń ga sí i bí ẹ ti ń là á, májèlé wà níbẹ̀.

Ìdí nìyí tí ẹ̀kọ́ yìí kì í dúró sórí ìgò. Wọ́n á fi àwọ̀n gbá ilẹ̀ abẹ́ omi láti ka àwọn kòkòrò tó ṣeé fojú rí. Bó bá jẹ́ ekòló pupa kéékèèké nìkan ló pọ̀, ọ́síjìn ti ń wọ́n níbẹ̀, torí ohun tó pọ́n nínú ẹ̀jẹ̀ wọn ló jẹ́ kí wọ́n lè fi èyí tó kéré gan-an gbé. Ti ẹja gba ìṣọ́ra: àrọ̀ ní ẹ̀yà ara tó fi ń mí afẹ́fẹ́ lókè, nítorí náà rírí i kò fi hàn pé omi dára. Epìyà ni kí ẹ máa wò, òun kò ní irú ẹ̀yà bẹ́ẹ̀. Ìdájí, kí oòrùn tó yọ, sì ni kí ẹ lọ, nígbà tí ewéko inú omi ti mí ní gbogbo òru láì ṣe ọ́síjìn kankan. Omi tó ní 7 lọ́sàn-án lè ní 2 ní aago mẹ́fà òwúrọ̀.