Ṣé búrẹ́dì ló ń wú ọmọ yín níkùn? Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí coeliac

Ìròyìn kan ti ń ti orí fóònù kan bọ́ sí òmíràn láti bí ọjọ́ mélòó kan, wọ́n ní ọmọ kékeré tí ikùn ẹ̀ bá ń wú tó sì ń yàgbẹ́ gbuuru, coeliac ló ń ṣe é (ẹ pè é ní síílíàkì), kí ìyá ẹ̀ yáa gba búrẹ́dì lẹ́nu ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an. Òótọ́ wà nínú ìdajì ọ̀rọ̀ yẹn. Ìdajì tó kù, ìyẹn kẹ́ ẹ gba búrẹ́dì lẹ́nu ọmọ kí dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò, lè da iṣẹ́ rú mọ́ dókítà lọ́wọ́, ìyẹn ni mo ṣe jókòó kọ eléyìí.

Kí ni coeliac gan-an?

Nǹkan kan wà nínú àlìkámà, báálì àti ráì tó ń jẹ́ gluten, òun ló ń jẹ́ kí ìyẹ̀fun máa fà bíi róbà tẹ́ ẹ bá pò ó. Tí gluten bá wọ inú ẹni tó ní coeliac, àwọn sójà ara ẹ̀ tó yẹ kí wọ́n máa bá kòkòrò jà á wá dojú ìjà kọ ìfun ẹni tó ń bọ́ wọn. Inú ìfun kékeré dà bí aṣọ àrán (àrán o, kì í ṣe aràn, a ń bọ̀ lórí aràn), irun wẹ́wẹ́ tó wà lára àrán yẹn ló ń gba oúnjẹ sínú ẹ̀jẹ̀. Ìjà yẹn á máa jẹ irun náà díẹ̀díẹ̀ títí ibẹ̀ á fi dán bọ̀rọ́bọ̀rọ́, ọmọ á máa jẹun, oúnjẹ á kàn máa gba inú ẹ̀ kọjá bí ọkọ̀ tí ò dúró já èrò.

Ṣé ó ń ranni?

Rárá.

Ìgbà wo ló máa ń bẹ̀rẹ̀?

Kò lè bẹ̀rẹ̀ kí ọmọ tó fẹnu kan gluten. Lára àwọn ọmọdé, láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún méjì ló sábà máa ń hàn, ṣùgbọ́n àgbàlagbà náà lè ní in.

Kí ni kí n máa wò lára ọmọ mi?

Ikùn yẹn ló máa ń tan èèyàn jẹ. Ikùn á rí rogodo, àlejò á ní "ọmọ yìí mà ń jẹun dáadáa o", ṣùgbọ́n ẹ yí ọmọ padà kẹ́ ẹ wo ìdí ẹ̀, ẹran ibẹ̀ á ti gbẹ, awọ ẹ̀ á hunjọ, itan á tín-ín-rín, ṣòkòtò kan náà tó fún un níkùn á máa bọ́ nídìí. Ẹ tún wo inú póò: ìgbẹ́ á pọ̀, á funfun ràndànràndàn, á máa dán bíi pé wọ́n ta epo sí i, òórùn ẹ̀ ò ṣeé fara dà, tẹ́ ẹ bá sì da omi lé e kì í fẹ́ lọ. Ọmọ tó máa ń rẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀ á di oníkanra, á kọ oúnjẹ, á máa bì.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ẹ̀ ni káàdì tí wọ́n ń kọ ìwọ̀n ọmọ sí, torí òun kì í purọ́. Tí ìlà yẹn bá ń gòkè bọ̀ dáadáa, tó wá dúró sójú kan tàbí tó ń sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn oṣù díẹ̀ tí ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ búrẹ́dì àti bisikíìtì, ó yẹ kí dókítà rí i.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn ló ń yàgbẹ́ gbuuru o. Àwọn kan ò tiẹ̀ ń rí ìgbẹ́ yà. Ti àwọn míì, ẹ̀jẹ̀ tí ò tó lára tí oògùn ẹ̀jẹ̀ ò sì ràn ni ẹ máa rí, tàbí ọmọ tí ò ga bí ẹgbẹ́ ẹ̀, tàbí egbò ẹnu tó ń lọ tó ń bọ̀.

Ṣé kì í ṣe eyín tàbí aràn ni?

Ó lè jẹ́ aràn, dókítà á yẹ ìgbẹ́ ẹ̀ wò. Ní ti eyín, ẹ̀sùn tí wọ́n ti ka sí i lọ́rùn ti pọ̀ jù, eyín kì í mú ọmọ rù fún oṣù mẹ́ta. Ìgbẹ́ gbuuru tó bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì kì í ṣe ohun tá à ń fi eyín ṣàlàyé.

Àìsàn òyìnbó kọ́ ni?

Rárá o. Bíi ẹnì kan nínú 100 ló ní in lágbàáyé, àwọn Saharawi tó wà ní aginjù Sahara sì wà lára àwọn tí wọ́n tíì rí i lára wọn jù. Tí òbí tàbí ẹ̀gbọ́n ọmọ bá ní in, ewu náà ga tó ẹnì kan nínú mẹ́wàá. Ẹ fojú sílẹ̀ pẹ̀lú tí ọmọ bá ní ìtọ̀ ṣúgà irú kìíní tàbí Down syndrome (ipò kan tí wọ́n ń bí mọ́ ọmọ, tó ń fa ìdàgbàsókè ẹ̀ sẹ́yìn).

Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé àlìkámà ló fà á?

Dókítà ọmọdé kan ní Netherlands, Willem Dicke, ti ń fura sí i kí ogun àgbáyé kejì tó dé. Nígbà òtútù 1944 sí 1945 ìyàn mú níbẹ̀, búrẹ́dì di ohun àwátì, gbogbo èèyàn ń rù, àwọn ọmọ tó ní coeliac wá ń sàn. Bí búrẹ́dì ṣe padà dé, àìsàn padà dé. Ó kọ ìwádìí ẹ̀ jáde ní 1950. Kó tó dìgbà yẹn, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni àwọn dókítà kan fi ń tọ́jú wọn.

Kí ló dé tẹ́ ẹ ní ká má tíì gba búrẹ́dì lẹ́nu ẹ̀?

Torí tẹ́ẹ̀sì ni. Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbà, wọ́n á wá tTG-IgA nínú ẹ̀, ìyẹn ohun ìjà tí ara ń ṣe nígbà tí gluten bá ń wọlé. Tẹ́ ẹ bá ti dá gluten dúró, ohun ìjà yẹn á lọ sílẹ̀, ìfun náà á máa sàn, tẹ́ẹ̀sì á ní kò sí nǹkan nígbà tí nǹkan wà. Ó dà bí ẹni tó gbá ipa ẹsẹ̀ olè kúrò nílẹ̀ kí ọlọ́pàá tó dé. Dókítà á tún wá ní kí ọmọ padà sídìí búrẹ́dì fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kó tó lè yẹ̀ ẹ́ wò, ìyà ẹ̀ẹ̀mejì nìyẹn.

Tí ẹ̀jẹ̀ bá fi í hàn, wọ́n lè fi róbà tín-ín-rín tó ní kámẹ́rà gba ẹnu ọmọ wọ ìfun, kí wọ́n gé bíńtín níbẹ̀ wò. Kì í ṣe gbogbo ọmọ ló máa dé ibẹ̀, tí iye inú ẹ̀jẹ̀ bá ga gan-an tí ẹ̀jẹ̀ kejì sì jẹ́rìí sí i, àwọn kan lè fò ó.

Tó bá wá jẹ́ òun ni ńkọ́?

Kò sí oògùn tó ń lé e lọ, gluten ni ọmọ máa fi sílẹ̀ títí ayé. Ìrẹsì, àgbàdo, ẹ̀wà, ẹyin, ẹran, ẹja àti èso ò ní wàhálà. Ibi tí ìṣòro wà ni èérún: ọ̀bẹ tí wọ́n fi gé búrẹ́dì, amọ̀ ìṣeré tí wọ́n fi ìyẹ̀fun ṣe tí ọmọ ń fi ọwọ́ ẹ̀ sẹ́nu, àti màmá àgbà tó gbà pé bíńtín ò lè pa ọmọ lára.

Ṣé kí n má fún ọmọ ọwọ́ ní àlìkámà rárá kó má bàa ní in?

Ìyẹn ò dènà ẹ̀. Ìwádìí méjì tó jáde ní 2014 ló fi hàn bẹ́ẹ̀.

Ìgbà wo ni kí n sáré?

Tí ọmọ tó ń yàgbẹ́ bá ń bì, tí ojú ẹ̀ jìn wọnú, tí kò tọ̀ fún wákàtí púpọ̀, tó rọ jọwọlọ, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀. Ẹ gbàgbé coeliac ná, omi ara ẹ̀ ló ń tán.

Mo ti gba búrẹ́dì lẹ́nu ẹ̀ látọ̀sẹ̀ tó kọjá o!

Ẹ má fipá dá a padà fúnra yín. Ẹ kọ déètì tẹ́ ẹ gbà á sílẹ̀ àti ohun tó ti ṣẹlẹ̀ látìgbà náà, kẹ́ ẹ mú un lọ fún dókítà pẹ̀lú káàdì ìwọ̀n yẹn.